Páìpù Tí A So Okùn Aṣọ Mọ́

Oṣù Kejì, ọjọ́ kọkànlá

Màámi,

Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún ọ̀tún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ má rò pé ẹnu lásán ni. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, torí kò sí tábìlì nínú yàrá wa. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé ìwé lé tí mo ń kọ ọ́.

A ti dé. Yàrá kan ni, òkè ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ló wà. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wa á máa gbọ̀n, ife á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí àpótí bí ẹni tó fẹ́ jáde lọ kí aládùúgbò. Ife yẹn gbójú jù mí lọ. Èmi ò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ mí. Ìyá alágbàfọ̀ máa ń rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá wá sáré gòkè bí ẹni tó jí nǹkan.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ọkọ mi dáadáa, kí n yéé sọ pé "iṣẹ́ epo, iṣẹ́ epo". Ó dáa. Iṣẹ́ kànga epo ni, àmọ́ kì í ṣe gbígbẹ́. Dídí ni. Àwọn kọ́ńpìnì ti gbẹ́ kànga káàkiri ibí tipẹ́tipẹ́, wọ́n fa epo inú ẹ̀ tán, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì fi ihò sílẹ̀. Gáàsì ń jáde látinú àwọn kan, omi iyọ̀ ń ru jáde látinú àwọn mìíràn. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń lọ láti ibì kan dé ibòmíràn. Wọ́n á fọ inú kànga, wọ́n á da sìmẹ́ǹtì sí i títí á fi kún, wọ́n á gé orí páìpù, wọ́n á sì da erùpẹ̀ bò ó. Ó ní tó bá pẹ́ díẹ̀ koríko á hù síbẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá ò ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Ẹ wo bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀.

Ni mo bá sọ fún un nípa páìpù ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, èyí tí ẹ so okùn aṣọ mọ́. Mo sọ nípa kòtò omi iyọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí ẹ torí ẹ̀ nà mí nígbà tí mo lọ ń ṣeré níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn? Ìyẹn ṣeé dí. Kànga kékeré ni." Màámi, inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n ti dí i.

Nǹkan kan ló kù. Ó máa ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Bó bá lọ, mo ṣì máa ń gbé abọ́ méjì kalẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí màá máa pè é pàápàá. Mi ò lè pe orúkọ ẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ pé "olówó orí mi". Ikọ́ ni mo máa ń wú. Tí mo bá ti wúkọ́, á ní, "Mo ń gbọ́."

Ẹ kọ̀wé sí mi o. Ẹ tiẹ̀ bú mi nínú ẹ̀, mo fara mọ́ ọn.

Ọmọ yín.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejì

Onítìjú mi,

Mo gba ìwé rẹ. Mo kà á fún ara mi, mo tún kà á fún gbogbo àdúgbò. Ó dùn ọ́? Kó dùn ọ́. Ìwọ lo kọ ọ́ dáadáa. Ibi tí o ti ń wúkọ́ nìkan ni mo fò.

Orúnkún wà bó ṣe wà. Má bi mí léèrè ẹ̀ mọ́.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. O mọ̀ pé àdúgbò ti ń dá owó jọ láti pe àwọn tó máa dí páìpù yìí, torí omi ẹ̀ ti ń wọ inú kànga tí à ń mu. Omi kànga Télọ̀ ti níyọ̀ débi pé ọṣẹ kì í hó nínú ẹ̀ mọ́. Gbogbo wa pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Télọ̀ dìde, ó ní owó ò tó, kí kálukú tún lọ mú wá. Ni mo bá dìde. Mo ní, "Ẹ dá owó yín padà sápò. Ọkọ ọmọ mi ló ń dí kànga ní òkè òkun. Ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé tiwa ṣeé dí, pé kékeré ni. Á wálé, á sì dí i."

Télọ̀ ní, "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo bá mi fẹ́ ẹ fún ọmọ mi ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ọmọ yìí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n pín owó padà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, mi ò rántí ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi kẹ́yìn.

Sọ fún àna mi kó mú oṣù tó máa wá. Mo ti ń sọ fún wọn pé kí òjò tó dé ni.

Ọ̀kan kù. Kí ló ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níta? Ṣé lójú oorun náà ni wọ́n ti ń dí kànga? La ojú rẹ.

Ìyá rẹ.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ kú àtijọ́. Ẹ bá mi kí Télọ̀, ẹ bá mi kí ìyàwó ẹ̀, ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò. Ojú ọjọ́ dáa níbí. Mo ti ra tábìlì kékeré kan lọ́wọ́ ìyá alágbàfọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, mo fi páálí tì í nísàlẹ̀.

Ìbùsùn wà níbi iṣẹ́ wọn, Màámi, inú ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà kiri ni gbogbo wọn ń sùn sí, ọkùnrin lásán ni wọ́n, ìbọ̀sẹ̀ wọn sì ń rùn. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Nígbà tó dé, mo fi ìwé yín hàn án. Ó kà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán. Ó ní, "Èmi nìkan?" Mo ní wọn ò sọ pé ìwọ nìkan. Ó ní, "Ta ni mo wá fẹ́ mú wá?" Ó wá ṣàlàyé fún mi. Wọ́n máa ń lo ẹ̀rọ kan tó ga ju ilé lọ. Wọ́n máa ń lo ẹ̀rọ tó ń fa sìmẹ́ǹtì wọlé. Táńkà kan á gbé omi mímọ́ wá, òmíràn á gbé omi ìdọ̀tí tí wọ́n fi fọ inú kànga lọ. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé omi ìdọ̀tí yẹn, owó ni wọ́n fi ń bẹ èèyàn kó tó gbà á. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ sí ilẹ̀ ẹ̀.

Mo bi í pé, ta ló wá ń sanwó gbogbo ẹ̀? Ó ní ẹni tó gbẹ́ ẹ ló yẹ kó san án. Àmọ́ bí epo bá ti kù díẹ̀, ẹni yẹn á tà á. Ẹni tó rà á náà á tà á fún ẹni tó kéré sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa tà á títí á fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ju kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì kan lọ. Ìyẹn á ti ilẹ̀kùn, á sì bá tiẹ̀ lọ. Owó ìdúró tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nítorí dídí kànga kò sì tó gé orí páìpù. Ó ní bó ṣe rí níbí nìyẹn, ó sì dájú pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, Màámi, bí kò bá ni yín lára, bóyá ẹ lè rọra sọ fún Télọ̀ pé kí wọ́n má tíì ná owó yẹn tán. Mi ò sọ pé kò ní wá o. Ó ṣeé ṣe kó wá. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

Ọmọ yín tó ń ro yín.


Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìwọ ọmọ yìí,

O ní kí wọ́n má tíì ná owó wọn tán, o tún ní ó ṣeé ṣe kó wá. Èwo ni kí n sọ fún wọn nínú méjèèjì? Èyí tó dùn ni mo sọ.

Òjò ti dé. Kòtò ti kún dé etí. Omi iyọ̀ ti gba ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, ó ti gbé àwọn máṣínì ìránṣọ ẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù. Ìyá Oníkànga ni wọ́n ń pè mí báyìí. Lánàá, bí mo ṣe ń kọjá, Télọ̀ ké jáde, "Ìyá, ṣé ọkọ̀ ojú omi ni àna yín ń wọ̀ bọ̀ ni, kó lè gúnlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi?" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in. Mo délé, mi ò lè jẹun.

Mi ò fẹ́ ìtàn. Oṣù wo?

Ìyá rẹ.


Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Màámi,

Kò ní wá. Kò lè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Mo ti kọ gbólóhùn yẹn sórí ìwé lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń fà á ya. Ìdí tí mo fi ń fà á ya ni àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún yín. Mo ń rí yín níbi tí ẹ dúró sí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ pé kí ẹ jókòó.

Iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró. Wọ́n sọ fún òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láàárín oko pé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà ti tán, kí wọ́n máa lọ sílé. Kànga tó wà níwájú wọn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọn ò tíì da sìmẹ́ǹtì sí i. Wọ́n fi ìdérí irin bò ó, wọ́n sì kúrò. Ìgbà tó ń sọ ọ́ fún mi, kò wo ojú mi. Ó ní, "A ṣí i sílẹ̀ ju bí a ṣe bá a lọ."

Ó ti wà nílé báyìí, Màámi. Ohun tí mo ń gbàdúrà fún náà nìyẹn, àbí? Kó wà nílé, kí abọ́ méjèèjì ní ẹni tó ń jẹun nínú wọn. Ó máa ń jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́. Mo wúkọ́, ó bi mí pé ṣé òtútù mú mi ni. Ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́. Tẹ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì máa ń wà lábẹ́ èékánná ẹ̀, mo máa ń bá a yọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè dá wà báyìí kí ẹlòmíràn sì wà nínú yàrá.

Àmọ́ ó ní kí n sọ àwọn nǹkan yìí fún yín, ó sì mú ojú le. Ẹ tú okùn aṣọ kúrò lára páìpù yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má dáná sún pàǹtí nítòsí ẹ̀, torí gáàsì. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kí omi kòtò má bàa ṣàn sí ibi kànga tí ẹ ń mu. Kí ẹ sì wádìí gbogbo ẹni tó ti ni kànga yẹn rí, kì í ṣe ẹni ìkẹyìn nìkan. Ẹni ìkẹyìn á ti sá. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú àwọn ìṣáájú ṣì ní ilẹ̀kùn tí ẹ lè kàn.

Ohun tó kù, èmi ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ lọ bá wọn, Màámi. Ẹ ní kí wọ́n tún dá owó jọ. Ẹ sọ pé ọmọ yín ni kò kọ̀wé dáadáa.

Ọmọ yín.


Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kẹfà

Onítìjú mi,

O ti rò pé mo ń bínú ni. Mo bínú. Mo bínú títí oṣù kan fi parí, mo tú okùn aṣọ, mo so ó mọ́ igi, ó já, aṣọ bọ́ sínú ẹrẹ̀, mo tún bínú lọ́tun. Lẹ́yìn náà ni mo wọ bàtà.

Mo kan ilẹ̀kùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ pé ọmọ mi ni kò kọ̀wé dáadáa. Mo sọ pé ẹnu mi ló yá jù. Àwọn kan ní kí n wọlé, wọ́n fún mi lómi, omi yẹn sì níyọ̀. Ẹnì kan bá mi sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, kò ṣílẹ̀kùn. Mo fi ilé Télọ̀ ṣe ìkẹyìn, torí ẹ̀rín ẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù. Mo bá a tó ń gbọ́n omi kúrò nílẹ̀. Mo sọ tẹnu mi tán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní korobá kejì. A jọ gbọ́n ọn. Nígbà tó rẹ̀ wá, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi náà ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé àna wa ń bọ̀?"

Wọ́n tún ti ń dá owó jọ. A sì wá àwọn tó ni kànga kiri. Ọ́fíìsì ẹni ìkẹyìn ti di ti atúnbàtàṣe. Ẹni tó ṣáájú ẹ̀ ti kú. Àmọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ gan-an ṣì wà, ilé alájà ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀kùn wọn ń dá ṣí fúnra ẹ̀. A jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, èmi, Télọ̀ àti ìyàwó ẹ̀, a gbé omi kànga wa sínú ìgò, a ń fi lọ gbogbo ẹni tó bá kọjá. A ní kí wọ́n tọ́ ọ wò. Nígbà tó yá, ọ̀gá kan sọ̀kalẹ̀ wá. Ó ní àwọn ti ta kànga yẹn, kì í ṣe tàwọn mọ́, àwọn ò jẹ̀bi nǹkan kan, àmọ́ àwọn á fún wa ní sìmẹ́ǹtì, torí ọmọlúàbí ni àwọn. Télọ̀ ní, "Ẹ ṣeun, ọmọlúàbí. Ẹ̀rọ ńkọ́?" Wọ́n tún fi owó ẹ̀rọ kún un. Owó táńkà tó máa gbé omi ìdọ̀tí lọ, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Àwa la máa san ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá há nìyí. Àwọn agbẹ́kànga omi tó ní ẹ̀rọ níbí, wọ́n mọ gbígbẹ́, wọn ò dí tepo rí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì wọ́n. Télọ̀ ní kí n kọ̀wé. Mo ní mi ò kọ. Mi ò tún ní fi orúkọ ọkọ ẹni ẹlẹ́ni ṣèlérí mọ́. Ó ní kí n ṣáà bi yín, ìbéèrè kì í ṣe ìlérí.

Mo ti bi yín báyìí. Bí kò bá ṣeé ṣe, má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ìkíni. Sọ ọ́ lórí ìlà àkọ́kọ́.

Ìyá rẹ.


Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kẹrin

Màámi,

Ẹni tó gbé ìwé yìí fún yín, ọkọ mi ni. Mo ti sọ ọ́ lórí ìlà àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo ka ìwé yín fún un, ojú fèrèsé ló wà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rù ń ba àwọn agbẹ́kànga, ó yíjú padà. Ó ní kí n tún un kà. Ó fa tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya páìpù sórí páálí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bi mí: ṣé gbùngbùn ló ń dún tí ẹ bá gbá a, ṣé omi ẹ̀ ń hó, ṣé ìpẹtà pọ̀ lára ẹ̀? Mo ń dáhùn bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Mo mọ gbogbo ẹ̀! Ọjọ́ wo ni mi ò sá aṣọ síbẹ̀? Màámi, ọjọ́ yẹn dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ, torí ojú ò tì mí rárá.

Owó ọkọ̀ tí a ní ò tó ẹni méjì. Owó tí à ń tọ́jú kí n lè wá kí yín lọ́dún yìí ni. Òun ò sọ pé ká ná an. Òun ò lè sọ ọ́ láéláé. Èmi ni mo gbé agolo tí a ń tọ́jú owó náà sí kalẹ̀ síwájú ẹ̀ tí mo ní, "Ìwọ ni wọ́n nílò." Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán, mo lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fúngbà díẹ̀.

Nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀ fún mi. Yàrá mi ni kó sùn sí, kó gbórí sí apá ògiri, torí òrùn máa ń wọlé láti òdìkejì. Kì í béèrè oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kàn bù ú fún un. Ẹ má fi í yangàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi í yangàn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Télọ̀ rí i dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ gé orí páìpù náà, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó gé e, níbi tí okùn ti jẹ ẹ́ lára. Bí koríko bá hù níbẹ̀ lẹ́yìnwá ọ̀la, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ má fò ó.

Ìyá alágbàfọ̀ ti gbà mí síṣẹ́, mo ti ń bá wọn ká aṣọ nísàlẹ̀. Mo kí i lónìí kó tó kí mi. Ẹ má ronú nípa mi púpọ̀.

Ó ń di ẹrù báyìí, ó ń fi aṣọ wé irinṣẹ́ ẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la ló ń lọ. Mo mọ̀ pé bó bá lọ tán, màá gbàgbé, màá gbé abọ́ méjì kalẹ̀, màá sì wúkọ́. Kò sí nǹkan kan. Ife á ṣáà máa rìn.

Ẹ kò ka ọ̀rọ̀ ikọ́ yẹn fún àdúgbò lọ́jọ́sí, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin. Bí ó bá wà lẹ́yìn ilé ìdáná, tí iṣẹ́ gbà á lọ́kàn, tí oúnjẹ sì ti ń tutù, ẹ má pariwo pè é. Ẹ kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wúkọ́.

Ọmọ yín, ìyàwó ẹ̀.